Iyọ̀ Tí Ojú Kò Rí

Iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀ náà.

Oyèníkẹ̀ kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé òkèlè tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, ó bu òmíràn, ó fi run ọbẹ̀, ó sì rọra tọ́ ọ wò bí ẹni tó ń wá egungun ẹja. Kò sí àní-àní. Iyọ̀ gidi ni, ó tó, kò sì pọ̀ jù, bí ìyàwó ilé tí iyọ̀ kò wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe ń fi í sọ́bẹ̀ láìronú. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti sọ fún un ní Ilé Ojú, ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ owó aráàlú, kó tó gbéra pé ó di oṣù mẹ́rìnlá tí ẹnikẹ́ni ti ra iyọ̀ gbẹ̀yìn ní Òkè-Àgbìgbò. Kì í sì ṣe iyọ̀ nìkan. Wọn kò ra epo, wọn kò ra aṣọ, wọn kò ra àdá. Lójú àwọn tó rán an níṣẹ́, abúlé ológójì ilé yìí yẹ kó ti kú fún ebi. Ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ tó ti dé, kò tíì rí ọmọ kan ṣoṣo tí egungun ìhà rẹ̀ yọ.

"Ṣé ó dùn?" Ìyá Gbénró bi í. Ìyá arúgbó náà jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, kò sì gbójú sókè.

"Ó dùn gan-an, mà."

"Jẹun dáadáa. Ẹni tó ń yẹ omi wò láti abúlé dé abúlé kò gbọdọ̀ febi panú."

Oyèníkẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo àpótí ìgò tó gbé wá. Oníṣẹ́ omi ló pe ara rẹ̀ fún wọn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ "omi" yẹn lẹ́nu ìyá náà, ó sì ń rò ó bóyá ohùn rẹ̀ yí díẹ̀ níbẹ̀ tàbí kò yí.

Ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ gbọ̀n rìrì, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọbìnrin tó mẹ̀yẹ: "Oúnjẹ ti ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún yín, èló sì ni?"

"Dá a lóhùn," ni ìyá náà wí. "Bí o kò bá dá a lóhùn, yóò kígbe."

"Èló ni kí n san, mà?"

"Àlejò mi ni ọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a kì í ta oúnjẹ fún àlejò."

"Mo mọ̀, mà, àmọ́ òfin..."

"Òfin ni. San ẹyọ méjì." Ó fi àgbọ̀n júwe ara ògiri. "Tèmi wà níbẹ̀ yẹn. Ó ń yún mi lọ́rùn ọwọ́."

Òfin gba ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún láyè kó bọ́ ẹ̀gbà rẹ̀ nínú ilé, nítorí náà kò sí ẹ̀sùn nínú ìyẹn. Oyèníkẹ̀ dìde, ó fi ẹ̀gbà rẹ̀ kan ti ìyá náà tó kọ́ sórí ìṣó. Alántakùn ti ta láti ara ìṣó dé ara ẹ̀gbà, eruku sì bò ó. Nígbà tí ẹyọ méjì náà wọlé, iye tó wà níbẹ̀ tàn fìrí: gbogbo owó àgbà tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ló ṣì wà níbẹ̀ gélé, kò sẹ́ni tó ná kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ó padà jókòó. Ẹni tí kò náwó, tó sì ń jẹ iyọ̀.

Bí ẹni pé ìyá náà mọ ohun tó ń rò, ó gbé ẹ̀wà sílẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó fa agolo bisikíìtì kan tó ti dípẹtà jáde. Ó dà á sórí ẹní. Owó ẹyọ méje tí wọ́n ti lu ẹ̀yìn wọn ló kọ́kọ́ yí gbirigbiri jáde, tí kọ́bọ̀ onílùhò kan tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn wọn ni owó bébà kan tó ti rọ̀ bí àkísà, káàdì pelebe kan, àti fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́.

"Wọ́n ní nígbà tí èyí kọ́kọ́ dé," ó fọwọ́ kan ẹyọ, "àwọn tó ń fi iṣu gba ẹja fi ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ní ta ló fẹ́ jẹ ìkarahun? Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó gba iṣu lọ́wọ́ wọn mọ́, àfi ìkarahun. Ẹ̀yìn èyí ni òyìnbó ní ẹyọ ti kú, kọ́bọ̀ ló kù. Ẹni tó kó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀, ìkarahun ló kó pamọ́. Bébà dé. Káàdì dé. Owó ọkọ mi wà nínú fóònù yìí lọ́jọ́ tó kú, títí dòní mi ò mọ ibi tó lọ. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ fún wa pé, èyí ló kẹ́yìn."

"Èyí tó wà lọ́wọ́ wa yìí ńkọ́, mà?"

Ìyá Gbénró wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Èmi kọ́ ni kí o bi. Ìwọ lo ti ìlú ńlá wá."

Oyèníkẹ̀ dúpẹ́ oúnjẹ, ó sì jáde. Ṣé ọ̀rọ̀ arúgbó lásán nìyẹn, àbí wọ́n ń fi agolo wo inú rẹ̀ ni? Ó ti di ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣe atọpinpin fún Ilé Ojú, ohun kan tí iṣẹ́ náà sì kọ́ ọ ni pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ fàlàlà fún àlejò ní ohun kan tí kò fẹ́ sọ.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn kàn tàrí, Gbénró, ọmọ ìyá náà, jáde nílé àgbẹ̀dẹ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kan tó fi àpò dì léjìká. Géńdé ọkùnrin ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, irin ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ló fi ń rọ gbogbo ohun tó ń rọ. Oyèníkẹ̀ ń bu omi sínú ìgò létí kànga nígbà tó kọjá. Ó jẹ́ kó lọ jìnnà díẹ̀. Ó gbé awò rẹ̀ sójú, awò tó ń ya gbogbo ohun tó bá wò, ó sì tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ọ̀nà náà já sí ibi àpáta kan tó tẹ́jú bí ẹní, níbi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé. Oyèníkẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn igi àràbà. Gbénró tú àpò rẹ̀. Ó to àdá mẹ́rin àti ọkọ́ méjì sórí àpáta. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́, ó to mẹ́ta mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó súfèé lẹ́ẹ̀kan, ó kẹ̀yìn sí gbogbo rẹ̀, ó sì padà wọ igbó.

Kò pẹ́ tí obìnrin mẹ́ta fi gun òkè láti ọ̀nà ìsàlẹ̀, ẹrù lórí wọn. Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wo òkúta, wọ́n sọ ẹrù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdì kéékèèké tí wọ́n fi ewé eéran wé: mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdá kan, mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọkọ́ kejì, méjì ló kù. Wọ́n fi méjì síbẹ̀, wọ́n sì lọ dúró sábẹ́ igi lọ́hùn-ún. Ìdì kan tú díẹ̀, ohun funfun sì dà sórí àpáta.

Gbénró padà jáde. Ó wo gbogbo rẹ̀ yíká. Ó kó ìdì mẹ́ta mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin márùn-ún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ́ kejì. Ó tún wọ igbó lọ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà jáde wá, ó wo ọkọ́, ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ẹyin adìyẹ mẹ́rin, ó fi kún un. Nígbà tí Gbénró dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó kó iyọ̀ àti ẹyin. Ó lọ. Àwọn obìnrin wá kó irin wọn.

Ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Kò sí èyí tó gbọ̀n.

Ó yé Oyèníkẹ̀ lójijì, ẹnu sì yà á bó ṣe rọrùn tó. Ẹ̀gbà mọ ohun tó bá ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Àpáta kò lọ́wọ́.

Inú rẹ̀ dùn bí inú ọdẹ tó rí ipasẹ̀ tútù. Kò sí ẹni tó ti rí irú èyí rí ní Ilé Ojú. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, awò yóò fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Ó ti ń múra láti fẹ̀yìn rìn kúrò nígbà tí obìnrin ẹlẹ́yin náà na apá láti gbé ẹrù rẹ̀ karí. Àpá iná kan gba ìgbọ̀nwọ́ apá náà dé ọrùn ọwọ́, ó dán bí awọ ejò.

Oyèníkẹ̀ mọ apá náà.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni. Ayégbàmí lorúkọ abúlé náà, létí omi. Apá yẹn ló na ìbẹ́pẹ kan sí i, tí obìnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín, tó ní, "Gbà á, jàre, má dá ẹ̀gbà lóhùn." Ó gbà á, ó jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ló ròyìn wọn. Wọ́n sọ fún un ní Ilé Ojú lẹ́yìn náà pé wọ́n ti kó gbogbo ará Ayégbàmí lọ sí ibùdó tuntun, ilé alájà, omi ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn. Kí ló wá gbé obìnrin yìí dé orí òkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán?

"O dá a mọ̀, àbí?"

Ó yí padà kíá. Ìyá Gbénró dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Gbénró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àdá lọ́wọ́.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà," ni Oyèníkẹ̀ wí, ó kúnlẹ̀ láìmọ̀ pé òun ti kúnlẹ̀.

"Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Dìde. Láti ìgbà tí o ti dé la ti mọ̀ ọ́. Oníṣẹ́ omi tó bu omi kànga wa sígò, tí kò fimú gbóòórùn rẹ̀, tí kò tọ́ ọ wò."

"Mo ní ká tì wọ́n sí kòtò," ni Gbénró wí. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń wo ilẹ̀, ó sì ń fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún ẹni tó fẹ́ pa. "Màmá ni ò gbà."

Oyèníkẹ̀ kọjú sí ìyá náà. "Ṣé torí kí n lè tọ́ ọ wò lẹ ṣe fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lánàá?"

"Ọmọ mi, a fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ torí pé ọbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Gbénró kì í wá síbí lọ́sàn-án. Èmi ni mo ní kó wá lónìí."

"Kí ló dé, mà?"

"Bí o kò bá rí i, o máa ròyìn ohun tí ọkàn rẹ bá sọ. Mo fẹ́ kí o mọ ojú ẹni tí o fẹ́ tà."

Obìnrin alápàá jíjó náà ti sọ ẹrù rẹ̀, ó ti ń gun òkè bọ̀. Àwọn méjì yòókù dúró níbi tí wọ́n wà. Ó dé iwájú Oyèníkẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣíjúadé ni mò ń jẹ́. O ò bi mí nígbà yẹn. Ìbẹ́pẹ yẹn, ṣé ó dùn?"

Ṣíjúadé bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ fún un lórí ìka.

"Ọjọ́ kìíní, gbogbo ẹ̀gbà wa kú. Ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ omi kò dá wa lóhùn mọ́. Ọjọ́ kẹta, ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn kò ṣí, àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn tó ń sunkún. Ní ọjọ́ kẹrin ni àwọn ọkọ̀ dé. Àwa mẹ́ta ń se iyọ̀ létí ọ̀sà, àwa nìkan la kù. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ni wọ́n kó. Níbo ni wọ́n kó wọn lọ?"

"Ibùdó tuntun ni. Wọ́n ní..."

"Níbo?"

Wọn kò dárúkọ ìlú kankan fún un. Kò bi wọ́n rí. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ fún Ládiméjì, ọ̀gá rẹ̀, pé òun fẹ́ lọ kí àwọn ará Ayégbàmí. Ládiméjì ní ọ̀nà ibẹ̀ kò dára lásìkò òjò. Ní oṣù yẹn gan-an ni wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn, kò sì rántí bi í mọ́ nígbà tí òjò dá.

Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé irọ́ lè ni. Ẹnu àwọn tó ń sá fún òfin máa ń dùn, òun ti gbọ́ irú ìtàn báyìí rí. Ó wo ojú Ṣíjúadé bó ṣe ń wo ojú àwọn afurasí, ó wá ibi tí irọ́ máa ń sá pamọ́ sí lójú ènìyàn. Kò rí i. Ọkàn rẹ̀ wá yí sí ọ̀dọ̀ àwọn tó rán an, ó ń wá ibi tí òtítọ́ wà lọ́dọ̀ wọn, kò sì rí ìyẹn náà.

Ó di ìdè ẹ̀gbà rẹ̀ mú láti tú u.

"Má bọ́ ọ!" Ṣíjúadé na ọwọ́, àmọ́ kò fọwọ́ kàn án. "Bí o bá bọ́ ọ, ìwọ náà dà bíi wa nìyẹn, kí la fẹ́ fi ọ́ ṣe? Ẹni tí ẹ̀gbà rẹ̀ ti kú kò lè wọ ilé yín. Ìwọ lè wọ̀ ọ́. Lọ bá mi wádìí ibi tí wọ́n wà."

"Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa lọ?" Gbénró gbé àdá sókè díẹ̀. "Tí wọ́n bá lọ, ọkọ̀ la ó rí láàárọ̀ ọ̀la!"

"Ó ṣeé ṣe," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Gbénró, ta ló kọ́kọ́ gbé ẹrù sórí àpáta yẹn?"

Gbénró wo àpáta náà.

"Mo ní ta ni?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o mọ ẹni tó wà nínú igbó lọ́jọ́ yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"O sì kẹ̀yìn sí i." Ìyá náà yíjú sí Oyèníkẹ̀. "Má rò pé a gbà ọ́ gbọ́. A ò gbà ọ́ gbọ́ rárá."

Oyèníkẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó gbé e sórí òkúta, ó mú òkúta mìíràn, ó sì lù ú títí ó fi di ẹ̀rún wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ sọ orúkọ wọn fún mi."

Kò sí ìwé. Ẹ̀gbà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ àfi bó bá ti gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun tó bá kọ sínú rẹ̀, Ilé Ojú yóò kà á. Nítorí náà Ṣíjúadé jókòó sílẹ̀, ó ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Oyèníkẹ̀ sì ń pè é tẹ̀ lé e, bí ọmọ iléèwé. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dé ìparí ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹ̀gbà gbọ̀n, tí gbogbo wọn sì sá wọ abẹ́ igi láìsí ẹni tó sọ fún wọn.

"Oyèníkẹ̀." Ohùn Ládiméjì ni, ó rọ̀ bí ìgbà gbogbo.

"Sà."

"Awò rẹ kú."

"Mo ṣubú, sà. Ó fọ́ mọ́ àpáta."

"Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé o ò fara pa?"

"Rárá, sà."

"Kí lo rí níbẹ̀?"

Irọ́ àkọ́kọ́ tí yóò pa fún Ilé Ojú láàárín ọdún mọ́kànlá nìyí. "Mi ò rí nǹkan kan, sà. Ilé iyọ̀ àtijọ́ kan ni wọ́n rí nínú igbó, òun ni wọ́n ń jẹ."

"Àyà rẹ ń sáré."

"Òkè ni mò ń sọ̀ kalẹ̀, sà."

"Ẹ̀gbà rẹ ní o ti wà lójú kan láti ọ̀sán."

Lábẹ́ igi, Gbénró yí ọwọ́ padà lára èèkù àdá.

"Ejò ni, sà," Oyèníkẹ̀ wí. "Ó wà lójú ọ̀nà, mò ń retí kó kọjá."

Ládiméjì rẹ́rìn-ín. Oyèníkẹ̀ fetí sí ẹ̀rín náà dáadáa, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ẹni tó gbà gbọ́ ni tàbí ti ẹni tó ti mọ̀. "Máa bọ̀," ó ní. "Mo wà nídìí afárá. Mo wá mú ọ." Kò wá mú atọpinpin kankan lójú ọ̀nà rí.

Ó gbé àpótí ìgò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí i pé ó dàbọ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń kà wọ́n sínú: Olóyèdé, ọkọ Ṣíjúadé. Fátúrótì. Àwẹ̀lé. Ìyá Àwẹ̀lé. Ládùnmóyè tó ń tiro. Nígbà tó dé ẹnì kẹtàdínlógún, ọ̀kan sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Olóyèdé.

Ládiméjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ dúdú kan nídìí afárá, ó wọ aṣọ funfun. Ó wo bàtà rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.

"Kí lò ń sọ sẹ́nu?"

"Àdúrà ni, sà."

"Àdúrà dára," ó ní, ọkọ̀ sì gbéra.

Ó ku orúkọ kan. Ẹnì kọkànlélógójì, ọmọ àbúrò Ṣíjúadé, jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́fà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ, wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Oyèníkẹ̀ yíjú sí fèrèsé, ó sì kà á mọ́ wọn.